Dísíìkì Tuntun fún Láptọ́ọ̀pù Bàbá Mi

Èmi ni mo kọ́kọ́ ni láptọ́ọ̀pù náà. Tòkunbọ̀ ni, Òṣogbo ni mo ti rà á nígbà tí mo ń kàwé gboyè kejì, òun náà ni mo sì fi kọ gbogbo iṣẹ́ mi títí mo fi jáde. Nígbà tí mo rí òmíràn rà, mo gbé èyí fún bàbá mi ní Ìfọ́n. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà nígbà náà, kò sì fẹ́ kí ọwọ́ òun ṣófo. Ara láptọ́ọ̀pù náà ti họ, bọ́tìnnì kan ti yọ nínú àwọn bọ́tìnnì rẹ̀, bátìrì rẹ̀ kò sì gba iná dúró mọ́. Ṣùgbọ́n àìsàn rẹ̀ gan-an ni ìlọ́ra. Bí bàbá mi bá tẹ̀ ẹ́ kó tàn, yóò dìde lọ ṣe àlùwàlá, yóò kírun Àílà, yóò ṣe àdúà, yóò ká ẹní, yóò sì padà wá bá nǹkan róbótó tó ń yí lójú rẹ̀ níbi tó ti ń yí.

Gbogbo ilé ló ń bú ẹ̀rọ náà. Bí bàbá mi bá jókòó tì í láti àárọ̀ tí kò rí ju ìlà kan tẹ̀, ìyá mi á ní ẹ̀rọ burúkú yìí ló ń fi ọjọ́ ọlọ́jọ́ ṣòfò. Bí bàbá mi bá fi orúkọ ẹnì kan pe ẹlòmíràn, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ń bá wọn gbé á ní wíwo ojú kọ̀ǹpútà ló ń dà á lójú rú. Èmi náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ kì í wo ojú bàbá rẹ̀ kó ní ó ti gbàgbé nǹkan. A máa ń wá ohun mìíràn tí a ó di ẹ̀bi náà lé lórí, ìbáà ṣe oorun, ìbáà ṣe oòrùn, ìbáà ṣe ariwo àwọn ọmọ. Ní ilé wa, láptọ́ọ̀pù ló sún mọ́ wa jù.

Ohun tí bàbá mi ń tẹ̀ kì í ṣe eré. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn Iléyá, agboolé wa máa ń pé jọ láti ṣe àdúà fún àwọn òkú ilé. Ààfáà á pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó máa ṣe àmín, a ó ti bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, ìrun Àílà á sì máa bá wa lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi ló máa ń jókòó ti Ààfáà, tí í sọ àwọn orúkọ náà sí i létí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń ṣe é kó tó kú, ẹ̀gbọ́n náà sì gbà á lẹ́nu bàbá wọn. Kò sí ìwé kankan. Àwọn òkú náà lé ní ọgọ́rin, àti àgbà àti ọmọdé, bàbá mi sì mọ ìyá tó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Orí rẹ̀ nìkan ni gbogbo wọn wà.

Ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè bi mí pé ṣé àwa yòókù kò mọ orúkọ àwọn èèyàn wa ni. A kò mọ̀ ọ́n. A kì í pe àgbà lórúkọ. Ìyá tó bí bàbá mi, Ìyá Àgbà ni mo mọ̀ ọ́n sí títí ó fi kú nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Ìyá Ẹlẹ́kọ ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Àwọn ìyàwó ilé kò tilẹ̀ gbọdọ̀ pe ọmọ tí wọ́n bá nílé lórúkọ, kódà bí ọmọ náà kò bá ju ọmọ ọwọ́ lọ. Wọ́n á fún un ní orúkọ mìíràn, Akọ̀wé, Eyínfúnjowó, Ọkọ Mi Kékeré, orúkọ yẹn ni àwọn ọmọ tiwọn náà á sì gbọ́ dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn títí orúkọ rẹ̀ á fi ṣáájú rẹ̀ kú. Inú máa ń bí mi sí i báyìí. Nígbà náà kò bí mi nínú, mo rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni.

Èmi ni mo dá a lábàá pé kí bàbá mi tẹ àwọn orúkọ náà sínú láptọ́ọ̀pù kí n lè bá a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí Ààfáà máa kà á. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, á pè mí lórí fóònù pé òun ti kúrò lọ́dọ̀ bàbá tó tẹ ilé wa dó, òun ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, ìlú wa kò sì fara rọ mọ́. Ìlobù ni mo ń gbé, ibẹ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà wà, kò sì jìnnà sí Ìfọ́n rárá, ṣùgbọ́n ṣọ́jà wà lójú ọ̀nà, òfin kónílé-ó-gbélé wà, ẹnikẹ́ni tí kò bá ní ìdí kò sọdá. Orí fóònù nìkan ni mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn òbí mi. Bí mo bá béèrè pé níbo ni iṣẹ́ dé, bàbá mi á ní, ẹ̀rọ yìí ni. Àdúà ọdún yẹn kò wáyé, nítorí náà kò sí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ láti gbọ́ orúkọ kankan lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀nà là tí mo lọ, mo bá a tó ti rù. Ó wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bá a pààrọ̀ rẹ̀, mo sì sọ fún ìyá mi pé gbogbo wàhálà ìlú yìí ló gba ara Bàbá. Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pinnu pé n óò tún láptọ́ọ̀pù náà ṣe. Ó ku nǹkan bí oṣù méjì kí àdúà tó pé, mo sì gbà pé bí ẹ̀rọ náà bá yá, bàbá mi á parí orúkọ náà. Mo gbà á tọkàntọkàn.

Ọkùnrin kan wà ní Ìlobù, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí sẹkitéríàtì, Ẹnjiníà ni gbogbo ayé ń pè é. Ó tó ẹgbẹ́ mi. Kì í rẹ́rìn-ín sí oníbàárà, kì í sì purọ́ fún un. Ó tú ìdí láptọ́ọ̀pù náà, ó yọ háàdì dísíìkì rẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì ní kí n gbé etí sí i. Ó ń dún kọ́, kọ́, kọ́. Ó ní àwo kan ló ń yí nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan ló sì ń ka ohun tó wà lára àwo náà, pé abẹ́rẹ́ yẹn ti ń ṣìnà, bó bá sì ti ṣìnà á tún padà lọ bẹ̀rẹ̀. Ó ní SSD ni kí n rà. Kò sí àwo nínú tirẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ohun tó ń yí, ìdí nìyẹn tí kì í fi lọ́ra.

Mo ti kà nípa rẹ̀ lórí fóònù, mo sì ti mú ọ̀kan tó wù mí, èyí tínínrín tó dà bí ègé ṣingọ́ọ̀mù. Ẹnjiníà ní láptọ́ọ̀pù bàbá mi ti dàgbà ju ìyẹn lọ, kò ní ojú ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀. Èyí pẹlẹbẹ tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ nìkan ló lè gbà. Ó kó mẹ́ta sílẹ̀ fún mi lórí tábìlì.

Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ tuntun, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé ó gba ìlọ́po mẹ́jọ ohun tí àwọn yòókù ń gbà. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò yé mi, kò sì yé Ẹnjiníà. Ojú mi wọ̀ ọ́. Mo ní, bó ṣe tóbi yìí, ṣebí òun ló dára jù. Kò bá mi jiyàn. Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó da fáìlì sínú rẹ̀ títí, ó sì ní kí n wo ohun tó ń ṣe. Ó gba gbogbo rẹ̀, ó kọ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan síta fún wa rí, ṣùgbọ́n nígbà tí Ẹnjiníà ṣí àwọn èyí tó kọ́kọ́ wọlé, kò sí nǹkan nínú wọn mọ́. Ó ní ààyè inú rẹ̀ kò tó bó ṣe pè é, ó kàn ń ṣe bí ẹni pé ó tó ni. Ó ní òun kò tà á, pé òun fi í síbẹ̀ kí àwọn èèyàn bíi tèmi lè rí i.

Èkejì jẹ́ tòkunbọ̀, wọ́n yọ ọ́ lára láptọ́ọ̀pù tó ti fọ́. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é dára. Ẹnjiníà fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀mí rẹ̀ kò tó ìdajì mọ́, ó lè lo ọdún mẹ́ta, ó lè má lò ó. Mo ní n kò lè gbé ìyẹn lọ fún bàbá mi. Ẹ̀kẹta ni mo rà, tuntun, látọwọ́ ilé iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀, gíìgì òjìlérúgba péré. Ẹnjiníà ní bó bá jẹ́ fíìmù ni wọ́n fẹ́ kó sí i, kò ní tó. Mo ní orúkọ èèyàn nìkan ni. Ó ní ó tó, ó tó fún orúkọ gbogbo ìpínlẹ̀ yìí. Mo rántí pé mo ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sanwó. Mo ń wo ara mi bí ọmọ gidi, ọmọ tó ṣe ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nílùú òyìnbó kò ṣe.

Ó kù kí wọ́n kó ohun tó wà nínú ti àtijọ́ sínú tuntun. Ẹnjiníà fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti òfo, kó mọ́ tónítóní. Mo kọ̀ jálẹ̀, mo ní kò gbọdọ̀ ku lẹ́tà kan. Ó kìlọ̀ fún mi pé ti àtijọ́ lè má là á já, nítorí náà àwọn fáìlì bàbá mi ni òun máa kọ́kọ́ kó ṣáájú ohunkóhun. Mo jókòó tì í láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àlàásárì. Iná lọ, ó tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, dísíìkì àtijọ́ náà dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sì tún dún mọ́. Ẹnjiníà ní ó ti kú, ṣùgbọ́n gbogbo fáìlì bàbá mi ti wọ inú tuntun. Ó fi í sínú ọ̀rá fún mi.

Ó wá ní kí n ṣí ohun tó ká mi lára jù, kí n rí i dájú pé ó pé. Mo ṣí àpò ìwé bàbá mi. Fáìlì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló ń jẹ́ Àwọn Òkú Ilé Wa, pẹ̀lú nọ́ńbà. Inú mi dùn, mo rò pé iṣẹ́ ti pọ̀. Mo ṣí àkọ́kọ́. Orúkọ mọ́kànlá ni, láti orí bàbá tó tẹ ilé dó. Mo ṣí èkejì, mọ́kànlá kan náà. Mo ṣí ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo dé orí ẹ̀kẹwàá, n kò ka orúkọ mọ́, ìsàlẹ̀ nìkan ni mo ń wò. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ síbì kan, wọ́n dúró síbì kan, lórí ìyàwó kejì, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà "tí ó bí".

Mo ní kíkó tó kó o ló dà á rú. Mo ní ó ti kó fáìlì kan ní ìgbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó fi ìka tọ́ka sí ọjọ́ tí wọ́n tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ wọn kò bára mu. Ó ju ọdún kan lọ láàárín ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn.

"Dísíìkì kì í ṣe báyìí, tíṣà," ó ní. "Bó bá bàjẹ́, ńṣe ni kò ní ṣí. Bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn."

Mo bú u. Mo ní ta ni ó rò pé òun ń bá sọ̀rọ̀, bàbá ta ni ó ń sọ̀rọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó lọ pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Mo gbé láptọ́ọ̀pù náà jáde láì kí i pé ó dàbọ̀, títí di òní n kò sì tíì padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo gbé e lọ sí Ìfọ́n. N kò sọ ohun tí mo rí fún ẹnikẹ́ni. Mo ti wá àlàyé fún ara mi lójú ọ̀nà: ìlọ́ra ẹ̀rọ ni kì í jẹ́ kí Bàbá rí fáìlì àná, ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lójoojúmọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo so láptọ́ọ̀pù náà mọ́ iná, mo sì tẹ̀ ẹ́. Kí ìyá mi tó fa àga rẹ̀ jókòó, ó ti tàn. Àbúrò bàbá mi pàtẹ́wọ́. Ìyá mi ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ tèmi náà tọ́jú mi.

Bàbá mi fi gíláàsì sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀. Ó tẹ orúkọ àkọ́kọ́, ó tẹ èkejì, ìka rẹ̀ kò lọ́ra rárá. Ó tẹ mọ́kànlá. Ó tẹ "tí ó bí". Ó dúró. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ojú ẹ̀rọ funfun, ìlà dúdú tín-ín-rín yẹn ń ṣẹ́jú níwájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ohun tó ń yí. Gbogbo wa ń dúró. Ìyá mi la ẹnu láti sọ nǹkan, ó sì pa á dé, nítorí kò sí ohun tó lè bú. Bàbá mi ní kí wọ́n fún òun lómi.

Nígbà tí àwọn obìnrin méjèèjì kúrò níbẹ̀, ó ní kí n sún mọ́ òun.

"Èyí tí wọ́n yọ ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì lè dá a padà síbẹ̀?"

Mo ní ó ti kú, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Ó mi orí. "Ẹ̀rọ yẹn kò ṣẹ̀ mí," ó ní. "Ó ń bò mí láṣìírí ni. Ẹ̀ ń bú u, èmi náà ń bú u."

Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní ó ti ṣe díẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ìyá mi. Mo fi ojú pamọ́ fún un, nítorí n kò fẹ́ kó rí i pé ohun tí mo fi ìdùnnú rà ló bọ́ ọ sí ìhòòhò. Mo fa ìwé àti bírò yọ, mo ní kí a máa kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Mo bi í pé kí ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà kò ní làákàyè.

"Ìyá mi ni," ó ní.

Oṣù méjì tó kù ni mo fi ń tọrọ orúkọ. Ìyá mi ka Akọ̀wé, ó ka Eyínfúnjowó, ó ka gbogbo wọn tán, kò sí ojúlówó orúkọ kan nínú wọn. Àbúrò bàbá mi mọ orúkọ ìyá tirẹ̀, ìyá tirẹ̀ sì yàtọ̀ sí ìyá bàbá mi. Ó bojú wẹ̀yìn kó tó sọ ọ́ sí mi létí, ó sì ní kí orí ìyá òun má bínú. Mo lọ sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, níbi tí wọ́n ti bí Ìyá Àgbà, mo bá ìyá arúgbó kan tó rántí rẹ̀ dáadáa, bó ṣe dúdú, bó ṣe máa ń kọrin tó bá ń lọ àgbàdo. Mo ní kí ni orúkọ rẹ̀. Ó ní Ìyá Ìfọ́n ni wọ́n ń pè é, nítorí Ìfọ́n ló lọ́kọ sí. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé fún mi.

Orúkọ mẹ́rìndínlógún ni mo rí tẹ̀ sórí ìwé fún Ààfáà. Ní ọjọ́ àdúà, bàbá mi wọ agbádá funfun, wọ́n fi í jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí. Ààfáà ka orúkọ náà, a ṣe àmín mẹ́rìndínlógún. Ó wá ṣe àdúà fún àwọn tí Ọlọ́run nìkan mọ orúkọ wọn, ó sì ká ìwé náà. Oòrùn kò tíì mú. Wọn kò tíì sọ ìkòkò ìrẹsì kalẹ̀. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn, kò sí ẹni tó béèrè nǹkan, nítorí a ti kọ́ gbogbo wa dáadáa.

Bàbá mi yíjú sí mi. Ó ní ṣé wọ́n ti pe ìyá òun. Wọn kò pè é. Mo ní wọ́n ti pè é.

Ó ṣe àmín, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fà mí láṣọ kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́ òun, ó sì bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Kí ni wọ́n pè é?"